Ọ̀gá Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Pe Òun Ní Ọ̀gá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa láyé ọjọ́un, ó kàwé nípa bí a ti ń ṣe olórí, ó sì fẹ́ràn àwọn tí ó jẹ́ olórí fún. Fi ti pé ó fẹ́ràn wọn yẹn sọ́kàn, Ìbídùn, nítorí bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì, wàá fẹ́ pè é ní òmùgọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ bá a jókòó ní kíláàsì kan náà ní kékeré, mo sì tún bá a ṣiṣẹ́ nígbà tí a dàgbà.

Ilé búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀, lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Ìwọ kò bá ìgbà yẹn. Ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó bọ̀ yóò fọn fèrè láti òkèèrè, yóò dúró ní ìlú wa, àwọn èrò inú rẹ̀ yóò sì na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Búrẹ́dì wa ni wọ́n ń béèrè. Ó máa ń gbóná débi pé a ń fi bébà ìlọ́po méjì wé e kí ó má baà jó ènìyàn lọ́wọ́. Mo ti jẹ búrẹ́dì káàkiri láti ìgbà náà, títí kan èyí tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá lóde òní tí ó rọ̀ bí òwú tí kò sì ní adùn kankan. Títí di bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, bí ọyẹ́ bá mú ní ìdájí tí mo bá gbóòórùn èéfín igi, òùngbẹ búrẹ́dì yẹn ni ó ń gbẹ mí.

Ogójì ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi wà lára àwọn tí ń wé búrẹ́dì, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Àwọn tí ń po fúláwà wà, àwọn tí ń la igi wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo iṣẹ́ náà gbára lé ni bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá Ààrò. Ààrò náà tóbi tó yàrá kan. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, òkè rẹ̀ sì rí kìbìtì bí ẹ̀yìn ìjàpá. Bàbá yìí nìkan ni ó mọ ìgbà tí iná tó. Yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, yóò na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, yóò ka oókan dé ẹẹ́wàá. Bí irun apá rẹ̀ bá ti ṣe ni yóò fi mọ̀ bóyá kí á ti búrẹ́dì wọlé.

Ẹni tí ó ni ilé búrẹ́dì, ìyẹn bàbá ọ̀rẹ́ mi, kò ka ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, kí iṣẹ́ tó gbóná, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ yí gbogbo ilé ká. Yóò kí àwọn onífúláwà. Yóò kí àwọn tí ń la igi. Yóò wá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ààrò, yóò ní, "Bàbá, ẹ kú iná o. Ó jí dáadáa bí?" Ààrò ni ó ń béèrè, bí ẹni ń béèrè ọmọ. Nígbà mìíràn Bàbá Ààrò yóò ní ó jí dáadáa. Nígbà mìíràn yóò ní, "Ó ń húkọ́ díẹ̀ lápá ọ̀tún." Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, bíríkìlà á ti dé. A kò pe èyí ní ìpàdé. Ìkíni lásán ni lójú wa, a kò sì mọ̀ pé òun ni ó gbé ilé náà ró.

Ojú bàbá tí ó ni ilé búrẹ́dì wá di bàìbàì. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìlọrin, ó sì fi ilé búrẹ́dì lé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Ládiméjì ni orúkọ ọmọ náà. Ó ti lọ sí yunifásítì, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìdarí ilé iṣẹ́, ó sì kó ìwé bọ̀ wálé, páálí mẹ́ta gbáko.

Ìwọ náà ti ka àwọn ìwé yẹn, o mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé kan ní ọ̀lẹ ni ènìyàn, àfi kí á máa lé e síṣẹ́. Òmíràn ní irọ́ ni, ènìyàn fẹ́ràn iṣẹ́, kí á ṣáà ti fún un láyè. Òmíràn ní olórí tí ó dára ni ó ń ṣe ìránṣẹ́ àwọn tí ó ń darí. Òmíràn tún ní kò sí ìdarí kan tí ó bá gbogbo ọjọ́ mu, bí ọjọ́ bá ti rí ni kí á ṣe é. Ládiméjì ka gbogbo wọn, ó sì mú èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù. Èyí tí ó mú yìí sọ pé ìbẹ̀rù ni ó ń pa ilé iṣẹ́. Ó ní ibi tí ọ̀gá bá ga jù, ọ̀rọ̀ kì í dé etí rẹ̀. Kí olórí sọ̀ kalẹ̀, kí ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ dọ́gba, wọn yóò sì máa sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Òótọ́ ni. N kò ní jiyàn rẹ̀ lónìí tí mo ti di arúgbó.

Ṣùgbọ́n ìwé náà fi àpẹẹrẹ kan tì í. Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà lókè òkun tí ọ̀gá pátápátá àti ẹni tí ń gbálẹ̀ ti jọ ń pe ara wọn ní orúkọ, láìsí àfikún kankan, tí ilé iṣẹ́ náà sì gbèrú. Ládiméjì fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ rẹ̀, ó kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Láti òní lọ, mi ò fẹ́ ọ̀gá, mi ò fẹ́ bàbá kékeré, mi ò fẹ́ ìnagijẹ kankan. Ládiméjì ni wọ́n sọ mí, òun ni kí ẹ máa pè. Èmi náà á máa pe kálukú ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó bá pè mí ní ọ̀gá, mi ò ní dá a lóhùn."

A pàtẹ́wọ́, a rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń ṣeré ni.

Kò ṣeré. Bí a ti tú ká, ó lọ sí ẹnu ààrò, ó ní, "Súmọ́nù, báwo ni iná?" Lóòótọ́, Súmọ́nù ni wọ́n sọ Bàbá Ààrò ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ gan-an dàgbà ju Ládiméjì lọ. Bàbá náà wò ó títí. Ó ní, "Iná wà níbẹ̀." Ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì tún bá Ládiméjì sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí ó bá bi í.

Olórí àwọn tí ń po fúláwà ni obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Ṣèyí. Ìyàwó ilé wọn ni, o sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Òun ni yóò fún un ní orúkọ mìíràn tí ẹnu rẹ̀ lè gbà. Nígbà tí Ìyá Ṣèyí wọ ilé wọn, Ládiméjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni, ìwé tí ó bá rí ni yóò fà mọ́ra. Ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ tí ó fi ń pè é láti ìgbà náà nìyẹn, òun ni ó sì fi pè é ní ọjọ́ kejì ìpàdé. Ládiméjì mi orí, ó ní, "Orúkọ mi ńkọ́?" Ìyá Ṣèyí tún pè é bẹ́ẹ̀. Kò dáhùn. Tìfẹ́tìfẹ́ ni ó fi dákẹ́, nítorí ó rò pé òmìnira ni òun ń kọ́ ọ. Ìyá Ṣèyí la ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Ó padà lọ po fúláwà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí kò sí nínú ìwé. Wọn kò lè pè é ní ọ̀gá, nítorí kò ní dáhùn. Wọn kò lè pè é ní Ládiméjì, nítorí ẹnu wọn kò gbà á. Nítorí náà, wọn kò pè é mọ́ rárá. Bí igi bá tán, ẹnì kan á lọ dúró níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, á wúkọ́. Bí Ládiméjì kò bá gbójú sókè, á padà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, wọn á rán ẹlòmíràn, òun náà á lọ wúkọ́ tirẹ̀. Àlejò tí ó bá yà síbẹ̀ nígbà náà á rò pé àrùn kan ń jà nílé búrẹ́dì ni. Ládiméjì gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri, kí ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ràn kọ ọ́ síbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀wé kọ? Ọmọnílé ni ó yé ẹyin sínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní ọjọ́ kan tí èmi àti òun jọ ń jẹun, ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti gba iṣẹ́, kò tíì sí ẹni tí ó mú ẹ̀dùn ọkàn kankan wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àbá àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti yọrí sí rere. Mo wò ó, mo bu òkèlè ẹ̀bà mi, mo gbé e mì.

Fetí sí ibí yìí dáadáa, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Èmi lè pè é. Ládì ni mò ń pè é láti ìgbà tí a jọ ń fi sílétì kọ́ ìwé, òfin rẹ̀ kò dí mi lẹ́nu. Mo mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wúkọ́. N kò sọ fún un. Ó ń dùn mí pé òun ni ó lọ sí yunifásítì tí èmi ń wé búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní. Mo ní kí á máa wò ó bóyá ìwé rẹ̀ yóò gbà á.

Òjò ọdún yẹn kọjá sísọ. Ó rọ̀ títí omi fi ń sun lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, Bàbá Ààrò rí i pé òkè ààrò ti sán, láti ẹnu dé ẹ̀yìn, ìka méjì lè wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá dá iná sí i bẹ́ẹ̀, ó lè wó lu ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu rẹ̀, Bàbá Ààrò fúnra rẹ̀ ni ó sì máa ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá iṣẹ́ ààrò dúró lẹ́yìn olórí. Bí ààrò bá tutù, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń gbóná padà, ọkọ̀ ojú irin á sì wá kọjá láìrí búrẹ́dì rà. Bí ó ti wà láti ìpìlẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Ààrò pe Ìyá Ṣèyí. Ó ní, "Ìwọ ni ìyàwó ilé wọn. Lọ sọ fún ọkọ rẹ pé ààrò ti sán. Kó wá wò ó kí n tó dáná ọ̀la." Bí o bá bi mí, òun náà jẹ̀bi díẹ̀. Àgbà kì í torí ìbínú fi ọ̀rọ̀ tí ó lè pa òun sínú. Ṣùgbọ́n ọkàn tí a bá ti gún, kì í bi wá kí ó tó ṣẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ṣèyí nu ọwọ́, ó lọ. Mò ń rí i láti ibi tí mo ti ń wé búrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ládiméjì ń kọ̀wé. Ó dáhùn, kò gbójú sókè. Ìyá Ṣèyí ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ." Ládiméjì rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń kọ̀wé lọ. Ó ní, "Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?" Orúkọ rẹ̀ ni ó ń dúró dè.

Obìnrin náà la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tí ó jáde. Ó yí ojú padà, ó wò mí, nítorí ó mọ̀ pé èmi lè pè é. N kò mọ ohun tí ó gbé wá, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Mo tẹ orí ba, mo ń wé búrẹ́dì. Ó dìde, ó lọ.

Ó sọ fún Bàbá Ààrò pé ọwọ́ ẹni náà dí. Bàbá Ààrò ní kò burú. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó dá iná gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé gbogbo àwọn tí ń gbé igi sẹ́yìn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ náà. Páànù kejì ni ó ń tì wọlé nígbà tí òkè ààrò wó.

Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Àpò fúláwà tí a rì bọ omi ni a fi bò ó kí á tó lè fà á jáde. Apá rẹ̀ méjèèjì ti jó kọjá ìgbọ̀nwọ́.

Kò kú. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò yè é. Ládiméjì kò kúrò nílé ìwòsàn. Ní ọjọ́ keje, bàbá náà lajú. Ládiméjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ rí i kó tó wó. Ẹ rán ènìyàn wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Ìyá Ṣèyí ni ó jókòó ti Bàbá Ààrò, tí ó ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mu. Òun ni ó dáhùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ni ǹ bá pè yín, Akọ̀wé?"

Ládiméjì sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹkún tiwa kì í ṣe ọ̀kan náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ládiméjì mọ ààrò mìíràn. Kò ju àwọn ìwé rẹ̀ nù, má rò bẹ́ẹ̀. Ó tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun fa ìlà sí lábẹ́ kọ́ ni ìwé náà ní kí òun ṣe. Ìwé ní kí ọ̀rọ̀ máa dé etí olórí. Orúkọ pípè jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tọ̀hún ń gbà sọ tiwọn, àwọn ará ilé òun sì ti ní ọ̀nà tiwọn kí òun tó dé, òun ni ó fi ọwọ́ ara òun dí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé ká ní ìdájí. Ó ń kí kálukú, ó ń pe kálukú bí wọ́n ti ń pè é nílé tirẹ̀. Wọ́n gbé àga kan fún Bàbá Ààrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tuntun. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa wo iná, yóò sì máa sọ ìgbà tí ó tó fún ẹni tí ó gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohunkóhun bá sì ṣẹlẹ̀, wàá gbọ́ tí Ìyá Ṣèyí yóò ké láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀, "Akọ̀wé o!" Ládiméjì á sáré jáde, gègé á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbọ́ igbe yẹn, kò sì sú mi.

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin kò dúró ní ìlú wa mọ́, lẹ́yìn náà kò wá mọ́ rárá. Mo débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Koríko ti bo ojú irin. Ẹnì kan ti ń kó sìmẹ́ńtì sínú ilé búrẹ́dì. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ojú gbogbo wọn ń wá sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ rí wọn débi pé mo sọ̀rọ̀ sókè.

Ìbídùn, wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn, ọgọ́ta ènìyàn wà lábẹ́ rẹ, o sì ti kọ ohun tí wàá kà fún wọn ní ọjọ́ Ajé. Mo ti kà á. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ni, màá fún ọ ní máàkì tó ga. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé kejì, o kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn rẹ mọ́, pé orí fóònù ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa gbà, kí ẹni ńlá àti ẹni kékeré lè dọ́gba. O ní kí n sọ èrò mi. Èrò mi ni pé o fẹ́ràn wọn. Lọ bá àwọn obìnrin tí ń fọ ìgò. Má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ètò náà, nítorí wọn á ní àwọn fẹ́ ẹ, ọmọlúwàbí ni wọ́n. Bi wọ́n pé, bí wọ́n bá rí ohun tí ó lè pa ènìyàn nínú ìgò kan, báwo ni wọn yóò ṣe jẹ́ kí o gbọ́. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn wéré, fi ojú ìwé kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń wo ilẹ̀, fà á ya, ì báà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó gbọ́n jù láyé ni ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ẹnì kan. Ó wà níbẹ̀, kì í ṣàìsí. Kò bẹ̀rù rẹ, ó mọ bí a ti ń pè ọ́, ó ti rí ibi tí ètò rẹ yóò ti wó, ó sì ń wò ọ́ níran nítorí pé ìwọ ni wọ́n fún ní ipò tí ó rò pé ó tọ́ sí òun. N kò tíì ka ìwé kan tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìdajì ẹ̀bi apá bàbá yẹn, tèmi ni. Má dúró dè é kí ó wá bá ọ, ọmọ mi. Kò ní wá. Lọ bá a lónìí.